Tolúlọpẹ́ Arótilé: Ọmọ Yorùbá Tí Òkè Ọya Tọ́, Tó Fi Hẹlikópítà Jagun

 

Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Kano ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbésí ayé obìnrin kan tó ṣíwájú nínú wíwa ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kò yan orúkọ fún mi. Mo lè mú ọmọ Amẹ́ríkà, mo lè mú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kún fún ìtàn wọn. Tolúlọpẹ́ Arótilé ni mo mú, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà. Ọmọ wa ni, Òkè Ọya ló sì tọ́ ọ dàgbà, bó ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ìdí mìíràn tún wà, ó sì ń dùn mí. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, bó ṣe kú ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ. Wọ́n mọ ọjọ́ tó kú, wọ́n mọ ibi tó kú sí, wọ́n mọ gbogbo àhesọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá bi wọ́n léèrè ohun tó kọ́, ibi tó ti kọ́ ọ àti iye ọdún tó fi kọ́ ọ, ẹnu á wọhò. Mo fẹ́ ká fi ọ̀sán òní yẹ ayé rẹ̀ wò, kí ikú náà má gbà ju àyè tó tọ́ sí i lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí. Rélùwéè dé Kano ní 1911, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba òyìnbó fi la Sabon Gari sílẹ̀ lẹ́bàá Fagge fún àwọn tó ń bá ọkọ̀ ojú irin wọlé: akọ̀wé, kápẹ́ńtà, oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, láti Ìlọrin. Ìtàn yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ti òfuurufú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1925, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà kò tíì gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀run rí, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba aṣálẹ̀ kọjá láti Cairo, wọ́n balẹ̀ sí Kano. Arthur Coningham ni ọ̀gá tó kó wọn wá. Nígbà tó di 1936, ọkọ̀ Imperial Airways ti ń gba Khartoum wá sí Kano déédéé, ó ń gbé lẹ́tà àti èrò. Àwọn bàbá wa tó ń ta obì àti aṣọ ní Sabon Gari rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí àdúgbò yìí títí di òní, ó mọ ìró bàálù kó tó mọ ABD.

Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí Zaria. Ibẹ̀ ni iléèwé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964 láti máa kọ́ awakọ̀ òfuurufú wà. Iléèwé yẹn ni Chinyere Kalu, ọmọ Akwete ní ìpínlẹ̀ Abia, ti kẹ́kọ̀ọ́ tó fi di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń fi wíwa bàálù ṣe iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní 2011, wọ́n tún fi obìnrin yìí kan náà ṣe olórí iléèwé náà. Ẹ kúrò ní Zaria, ẹ wọ Kaduna, ẹ ó bá bárékè àwọn ọmọ ogun òfuurufú àti NDA, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá ológun. Bí a bá fẹ́ sọ òdodo, ọ̀nà tí obìnrin Nàìjíríà gbà dé òfuurufú, títì Kano sí Kaduna ló gbà. Ẹ̀bá ọ̀nà yẹn gan-an ni ilé yín wà.

Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni wọ́n bí Tolúlọpẹ́ sí Kaduna. Iffe ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, láàárín àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Òkun. Àwọn Òkun mọ Òkè Ọya dáadáa. Abẹ́ ìjọba Òkè Ọya ni wọ́n wà láti ìgbà òyìnbó, iṣẹ́ ọba sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Kaduna láti ọjọ́ pípẹ́. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní Kaduna ni ọmọ yìí lọ. Nígbà tó ṣetán níbẹ̀, ó wọ iléèwé girama tiwọn náà ní ìlú kan náà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọmọdé tó ń lọ síléèwé nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń rí awakọ̀ òfuurufú nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Ó ń rí wọn nígbà tí wọ́n bá lọ ra búrẹ́dì, ó ń rí wọn nígbà tí wọ́n bá wá gbé ọmọ wọn níléèwé. Èèyàn ni wọ́n lójú rẹ̀, wọn kì í ṣe àrídìjí inú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó bá ti rí i pé èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ kan, ìdajì ẹ̀rù iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tó ń rí nínú aṣọ yẹn nígbà náà, obìnrin kọ́. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1964. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn gan-an, ní Ghana tó jẹ́ aládùúgbò wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Melody Danquah, ọmọ Larteh, dá nìkan gbé ọkọ̀ ológun fò, ó sì dá a balẹ̀ láyọ̀. Nàìjíríà ní owó ju Ghana lọ, ó ní èèyàn jù ú lọ. Síbẹ̀, 2012 ni a tó fi ìyẹ́ awakọ̀ sí àyà obìnrin ológun àkọ́kọ́ tiwa, Blessing Liman, ọmọ Zangon Kataf ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ọdún 48 ló wà láàárín Melody àti Blessing. Mi ò lè gbà pé kò sí obìnrin kan ní Nàìjíríà tí orí rẹ̀ pé tó láàárín ọdún 48 yẹn. Ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Ohun tó ṣe Bessie Coleman ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn: obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, kò sí iléèwé kan nílẹ̀ rẹ̀ tó gbà á, ó kọ́ èdè Faransé, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú rẹ̀ níbẹ̀ ní 1921. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ní agbára láti sọdá òkun nítorí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn.

Ilẹ̀kùn NDA ṣí fún obìnrin ní 2011, nígbà ìjọba Goodluck Jonathan. Kó tó dìgbà yẹn, obìnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lóòótọ́, nọ́ọ̀sì wà, dókítà wà, agbẹjọ́rò wà, ṣùgbọ́n NDA kò gba obìnrin láti kọ́ iṣẹ́ ogun fún ọdún márùn-ún bíi ti ọkùnrin. Obìnrin 20 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ọdún yẹn sì ni Tolúlọpẹ́ ń jáde girama. Ẹ wo bí àkókò ṣe ṣe rẹ́gí! Ká ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n bí i, à bá máa pe ẹlòmíràn lórúkọ lónìí, tàbí kí a má rí ẹnikẹ́ni pè. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, òun náà wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 64 Regular Course.

Ìmọ̀ ìṣirò ló kọ́ ní NDA tó fi gba oyè. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ iléèwé fetí sí ibí yìí dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ìṣirò, ọ̀pọ̀ nínú yín á ti máa wo ojú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n fi Kano yìí ṣàlàyé fún yín. Nínú oṣù Kẹrin, nígbà tí oòrùn bá mú débi pé ọ̀dà títì ń rọ̀, afẹ́fẹ́ á gbóná, á sì fẹ́lẹ́. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí hẹlikópítà, afẹ́fẹ́ ló ń gbá mú kí ọkọ̀ náà tó lè gbéra. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́lẹ́, ohun tó ń rí gbá mú á dín kù. Nítorí náà, ẹrù tí hẹlikópítà kan gbé láàárọ̀ kùtù, ó lè máà lè gbé e lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣírò ìwúwo ọkọ̀, iye epo tó wà nínú rẹ̀, iye èèyàn àti ohun ìjà tó gbé, bí ooru ṣe pọ̀ tó, bí ibi tó ń lọ ṣe ga tó. Ó gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ kó tó gbéra. Bí ìṣirò náà bá yẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló máa fi ara gbà á.

Wọ́n fi oyè ọ̀gá ológun dá a lọ́lá ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Wíwa hẹlikópítà ló kù. Ó lọ kọ́ ọ ní South Africa, ó sì tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi hẹlikópítà Agusta 109 jagun níbẹ̀ àti ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bàálù lọ sí Èkó tàbí Mẹ́kà rí, ẹ má rò pé ọ̀kan náà ni. Bàálù ní ìyẹ́ tó gbé e dúró; bó bá ti dé òkè tán, ó fẹ́ máa lọ síwájú. Hẹlikópítà kò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ fúnra rẹ̀ rárá. Ọwọ́ òsì awakọ̀ wà lórí ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga: ìyẹn ló ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mìíràn mú láàárín orúnkún méjèèjì: ìyẹn ló ń darí rẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dàlì tó ń darí abẹ̀bẹ̀ kékeré inú ìrù, kí imú ọkọ̀ má baà máa yí kiri. Kò sí èyí tó dá dúró nínú wọn. Bí ọwọ́ òsì bá gbé sókè, ara ọkọ̀ á fẹ́ yí, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún náà gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ẹni tó bá ti wo ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn rí, tó rí i bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀, tí ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀, tí ojú kò kúrò lára òwú, á mọ irú ìfọkànsí tí mò ń wí. Ẹ wá fi ìbọn sí i, ẹ fi rédíò tó ń pè létí sí i, ẹ fi eruku sí i. Hẹlikópítà tó bá ń balẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ bíi ti ibí yìí, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á tú eruku bo ara rẹ̀, awakọ̀ á sì máa wá ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an tì. Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin Kaduna yìí lọ kọ́ nìyẹn, ó sì yege.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n fi ìyẹ́ awakọ̀ sí i láyà ní Abuja. Òun nìkan kọ́ ni wọ́n yẹ́ sí lọ́jọ́ náà. Kafayat Sanni, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù ajagun ní Nàìjíríà. Tolúlọpẹ́ gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ nínú hẹlikópítà ogun. Ọdún 55 lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin méjì wọ ibi tí obìnrin kankan kò dé rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí gbogbo iléèwé girama ọmọbìnrin mọ ọjọ́ yẹn bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ òmìnira.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba ṣí àwọn hẹlikópítà tuntun fún iṣẹ́ ní Eagle Square ní Abuja. Ààrẹ Muhammadu Buhari wá, àwọn ọ̀gá ológun pé jọ. Nígbà tó kan Agusta 109, ta ni wọ́n ní kó ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún Ààrẹ? Ọmọ ọdún 24 yìí ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó mọ̀ tinú tòde, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ ọ̀gágun kó tó di Ààrẹ, tó sì ti ń ṣe iṣẹ́ ogun kí wọ́n tó bí i. Àwòrán ọjọ́ yẹn wà nílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ kan sára ògiri ilé yín fún àwọn ọmọ yín, ẹ jọ̀wọ́, ti ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Minna, sí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Operation Gama Aiki. N kò ní láti ṣàlàyé fún ẹ̀yin ará Kano ohun tí àwọn agbébọn ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Niger, Kaduna, Katsina àti Zamfara. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba títì yẹn lọ sílé ọdún mọ àdúrà tí ẹ ń gbà kí ẹ tó kọjá àwọn ibì kan. Inú igbó ni àwọn agbébọn náà ń sá sí, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, mọ́tò ológun kì í dé ibẹ̀ bọ̀rọ̀. Hẹlikópítà ló lè lọ síbẹ̀, kó rọra rábàbà, kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀. Tolúlọpẹ́ wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ọkọ̀ rẹ̀ fò lórí igbó ibẹ̀ kí àwọn ará abúlé tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lè rí oko lọ.

Mo sọ pé ikú náà á gba àyè tó tọ́ sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020, nínú ọgbà ọmọ ogun òfuurufú ní Kaduna, ní ìlú tó ti kàwé láti kékeré, ọkọ̀ kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn kọlù ú, ó ṣubú, ó fi orí pa. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn tí wọ́n jọ lọ girama ló wà nínú ọkọ̀ náà, wọ́n rí i, wọ́n fẹ́ padà sẹ́yìn kí i. Wọ́n sin ín ní Abuja ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ní itẹ́ àwọn ológun, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tó tọ́ sí jagunjagun. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì máa tu àwọn òbí rẹ̀ nínú.

Láti oṣù Kẹsàn-án 2012 tó wọ NDA títí di oṣù Kẹwàá 2019 tó gba ìyẹ́, ọdún méje ó lé díẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tó gba ìyẹ́ dé ọjọ́ tó kú, oṣù mẹ́sàn-án ni, ó dín ọjọ́ kan. Ọdún méje ni Nàìjíríà fi kọ́ ọ, oṣù mẹ́sàn-án péré la fi jẹ àǹfààní rẹ̀. Ohun tó mú kí àdánù náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá ní obìnrin igba tó ń wa hẹlikópítà, a óò sunkún ẹnì kan, iṣẹ́ ò sì ní dúró. Ẹni àkọ́kọ́ tí a ní nínú iṣẹ́ yẹn gan-an ni a sin. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣèrántí rẹ̀ ní tòótọ́, kó lọ wá ẹni tí yóò tò sẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ń rò ó nínú wọn báyìí pé, bí ọmọ mi bá lọ ṣe irú èyí, ta ni yóò fẹ́ ẹ, ta ni yóò bí ọmọ? Ìbéèrè gidi ni, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìyá yín tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ọjà Sabon Gari yìí, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ẹrù lọ sí Èkó, tí wọ́n ń sùn sórí àpò lọ́nà. Wọ́n lọ́kọ, wọ́n bímọ, wọ́n sì kọ́lé. Ewu tó wà lójú títì tí wọ́n ń gbà nígbà náà kò kéré, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sílé. Iṣẹ́ kì í lé ọkọ lọ. Ọkọ tí iṣẹ́ bá lé lọ, kò tún wúlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ohun kan wà lọ́wọ́ wa tí a lè ṣe láìdúró de Abuja. Ẹni tó bá fẹ́ wọ NDA, JAMB ló máa kọ́kọ́ ṣe, kó sì fi NDA ṣe ìyàn àkọ́kọ́. Ó nílò ìṣirò; bó bá sì fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ó nílò físíìsì. Bí iléèwé ọmọ yín kò bá ní olùkọ́ físíìsì, ẹ má dúró títí yóò fi ku ọdún kan kí ó ṣe WAEC kí ẹ tó wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Nǹkan mìíràn tún wà tó ń dí àwọn ọmọ Sabon Gari lọ́nà, tí a kì í sì rántí: ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, tó dàgbà sí Kano, orúkọ ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò fi wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ ilé ló sì ń fúnni ní ìwé náà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde, ọmọ á máa sáré láti Kano lọ sí Ọ̀ffà tàbí Ìjùmú, ọjọ́ á sì ti lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sílé nígbà ìsinmi, ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ wọ́n, ẹ gba ìwé náà, kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí.

Fún èyí tó bá fẹ́ iléèwé awakọ̀ òfuurufú ti Zaria dípò iṣẹ́ ogun, owó ibẹ̀ pọ̀, ẹnì kan kì í sábà lè dá a san. A máa ń dá owó jọ fún ìsìnkú níbí, a máa ń dá a jọ fún oyè. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ká dá owó jọ fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó mọ ìṣirò. Kí ẹ̀yin olùkọ́ mú orúkọ rẹ̀ wá. Kí ẹ̀yin ìjòyè wo ìwé rẹ̀. Kí àwọn bàbá ọlọ́jà kọ́kọ́ tẹ ọwọ́ bọ àpò. Èmi náà á mú tèmi wá. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ wà níwájú, ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ òun, kó dìde kí a tó parí ètò yìí, kó wá sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.